Oydin Hamrokulova, Ẹni Tó Wo Èémí Àwọn Ìràwọ̀ Tuntun (1949–2021)

Ní abúlé kan lẹ́bàá Kitob, ní ilẹ̀ Uzbekistan, ni a ti bí màmá wa, Ọ̀mọ̀wé Oydin Hamrokulova, lọ́dún 1949. Hamrokul, darandaran, ni bàbá wọn. Xosiyat, tó ń hun kápẹ́ẹ̀tì, ni ìyá wọn.

Lọ́dún 1966, màmá wọ yunifásítì ní Tashkent láti kọ́ nípa ìràwọ̀. Àwọn ẹbí ní, "Ta ni yóò fẹ́ obìnrin tí kì í sùn lóru?" Eshmurod ló fẹ́ wọn lọ́dún 1973, awakọ̀ tó ń gbé oúnjẹ lọ sí ilé ìwòràwọ̀ orí òkè tí màmá ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá wa a máa wí pé, "Ìràwọ̀ kọ́ ló ń gbé mi gun òkè yẹn o."

Ìràwọ̀ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nínú ìkùukùu gáàsì a máa tú gáàsì jáde níhà méjì, tóóró bí omi ẹnu páìpù. Lọ́dún 1984, màmá kọ̀wé pé ìkùukùu ló ń fún gáàsì yẹn pọ̀ di tóóró: ibi tó ki a dí i, ibi tó fẹ́lẹ́ a jẹ́ kó kọjá. Ìwé yẹn ló sọ wọ́n di olórí ẹ̀ka ìwádìí ilé ìwòràwọ̀ náà.

Lọ́dún 2006, Zebiniso, akẹ́kọ̀ọ́ wọn, fi àwòrán tuntun hàn pé gáàsì náà ti tóóró kí ó tó kan ìkùukùu rárá. Agbára òòfà inú àwo gáàsì tó ń yí ìràwọ̀ ká ló ń dì í; ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìkùukùu ń tẹ̀ ẹ́ síbí sọ́hùn-ún. Màmá bínú. Fún oṣù mélòó kan, iṣẹ́ ọmọ náà ni wọ́n ń tún yẹ̀ wò nídìí oúnjẹ.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò oyè ọ̀mọ̀wé Zebiniso pé, àwọn àgbà ẹ̀ka fẹ́ kó fìdí rẹmi. Ọ̀kan ní, "Ìwọ ọmọ àná yìí, ṣé ìwọ ni yóò kọ́ ọ̀gá rẹ níṣẹ́?"

Màmá dìde. "Ẹ fi í sílẹ̀. Èmi ni mo ṣì í, òun ló gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ gbogbo ayé yín ńkọ́?"

"Ìràwọ̀ ò mọ̀ mí rí. Ṣé á torí mi purọ́ ni?"

Zebiniso yege. Ipò olórí ẹ̀ka bọ́ lọ́wọ́ màmá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n sunkún nílé, a rí i. Wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ Zebiniso, tó gorí ipò náà nígbà tó yá, wọ́n ń pè é ní "ọ̀gá mi" títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun jáfara ni wọ́n. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin abúlé ní ìṣirò lọ́fẹ̀ẹ́.

Àìsàn ọkàn ló mú wọn lọ lóṣù kẹwàá ọdún 2021. Wọ́n fi ọkọ sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Farhod, Muhabbat àti Zebiniso, akẹ́kọ̀ọ́ tó di ọmọ wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà ṣe ilé yín. Ẹ sùn dáadáa, Màmá. Ilẹ̀ ti mọ́ fún yín.