Aago Tòkunbọ̀ Tó Ń Sùn Lọ́wọ́ Bàbá Rẹ

Ilé wa ní Oǹdó.

Oyèníyì ọmọ mi, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Àbújá? Àánú ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ ń rí jẹ, pẹ̀lú bí gbogbo nǹkan ṣe gbówó lórí yìí? Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹyẹ tí kò lóko kò ní gbàgbé ilé rẹ. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ohun tí o bá dì mú kò ní jábọ́. Àmín. Àwa náà wà láàyè. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan jọ bàbá rẹ níwájú orí, mi ò tíì sọ fún un. Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù yẹn ò níwà. Bí mo bá ti fẹ́ dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí, obìnrin inú rẹ̀ á dá sí i, á ní owó mi ti tán, bẹ́ẹ̀ mi ò jẹ ẹ́ ní gbèsè rí. Ìwé ò ní já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Bọ́láwálé tó ń wa ọkọ̀ lọ sí Àbújá ni yóò bá mi mú un wá.

Ọ̀rọ̀ aago ni. O ránṣẹ́ pé kí n dá a padà fún àwọn tó tà á, kí wọ́n dá owó rẹ padà kí ọdún tí wọ́n fi ṣe ìdúró fún un tó pé. Mo gbọ́. Mi ò ní í dá a padà. Jẹ́ kí n ṣàlàyé kí o tó bínú.

Nígbà tí o rà á ní Àkúrẹ́ nígbà Àjíǹde, tí o wọ̀ ọ́ sí bàbá rẹ lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú lọ́dún tó kọjá, inú gbogbo wa dùn. O ní aago àwọn olówó òyìnbó ni, pé tòkunbọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lo bátìrì rárá. Bàbá rẹ tó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, tí gbogbo àdúgbò fi ìrìn rẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ní òun tún ti di èèyàn. Àfi bí aago ṣe dúró láìpẹ́ tí o padà. Mo gbọ̀n ọ́n, mo bá a wí, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó tún dúró. Bàbá rẹ wò ó, ó fa aṣọ bo ọwọ́ náà, ó ní, "Ọwọ́ tó kú, aago tó kú. Wọ́n bára mu." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo ní kò sí ohun tó kú nínú ilé yìí, mo sì búra pé aago yẹn yóò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé tòkunbọ̀ ti ní ilé kan tẹ́lẹ̀. Adìẹ tí a bá rà lọ́jà, ṣebí a máa ń so ó lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kí ó lè mọ ilé tuntun, kí ó má baà wá ọ̀nà padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Mo fi okùn so aago mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń kí i láàárọ̀, mo ń dárúkọ gbogbo ará ilé fún un, títí kan àwọn ọmọ rẹ. Ńṣe ló sùn fọnfọn. Bàbá rẹ bi mí pé ṣé orí mi pé. Mo ní orí tèmi pé, aago rẹ̀ ni kò pé.

Ni mo bá wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó tà á ní Àkúrẹ́. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Moríyọ̀ kí mi dáadáa níbẹ̀, ó ní kí n má fòyà, pé wọ́ránti aago náà kò tíì tán. O ti sọ fún mi pé ìdúró ni wọ́ránti. Ìdúró tí mo mọ̀ ni ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, níbi tí èèyàn gidi ti máa ń dìde pé bí lágbájá bá sá lọ, ẹ mú mi. Mo ní kí ó pe ẹni tó dúró fún aago wa jáde kí n rí ojú rẹ̀. Ó ní ilé-iṣẹ́ ló dúró fún un. Mo ní ilé-iṣẹ́ ò lójú. Mo tún bi í pé ta ló ni aago yìí tẹ́lẹ̀, ṣé olóorun ni, nítorí a kì í fẹ́ ìyàwó láìwádìí ilé tó ti wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn yóò dá a dúró fún àyẹ̀wò. Mo bi í bóyá kí n fi aṣọ ìbora sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá gbà á, Gbémiga tó ń tún aago ṣe ní òun ti tú u, òun ti fọ̀ ọ́, òun ti fi epo sí i, kò sí ohun tó ṣe é. Mo fi sọ́wọ́ ara mi. Ó ń ṣiṣẹ́ títí a fi kọjá Ọ̀wẹnà, ó ń ṣiṣẹ́ bí mo ṣe ń gúnyán. Mo wọ̀ ọ́ fún bàbá rẹ, ó yá, ó dúró.

Mo padà sí Àkúrẹ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, àwọn oníbàárà ń wò mí. Mo ní wọ́ránti ò tíì tán, èmi náà ò tíì tán, aago tó ń ṣiṣẹ́ fún mi tí kò ṣiṣẹ́ fún ọkọ mi, ojúsàájú ló ń ṣe, kí wọ́n tún ìwà rẹ̀ ṣe fún mi. Gbémiga bá mú mi wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn aago hàn mí. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ bí ìlàjì òṣùpá. Bó bá ṣe gbé aago sọ́tùn-ún sósì ni irin náà ń fì, tí gbogbo inú rẹ̀ ń yí. Ó ní bí ọwọ́ bá ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ló ṣe ń rí agbára. Ó wá rọra bi mí pé, "Màmá, ẹni tó ń wọ̀ ọ́, ṣé ó máa ń gbé ọwọ́ náà?"

Mo mi orí, mo ní rárá.

Ó ní, "Aago yìí ò ní àrùn kankan. Ẹ mú un lọ ulé." Mo sunkún nínú ọkọ̀ dé Oǹdó, kì í sì í ṣe nítorí aago. O rántí nọ́ọ̀sì tó ń kọ́ bàbá rẹ láti máa gbé apá náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó lé ọmọ yẹn lọ, ó ní òun tí òun kọ́ ìlú ní oǹkà, ọmọdé kan ò ní máa ka ení, èjì fún òun. Gbogbo wa fi í sílẹ̀, a ní ọ̀wọ̀ ni. Ọ̀wọ̀ yẹn ló fẹ́ẹ̀ jẹ apá rẹ̀ tán.

Bí mo ti délé ni mo wọ̀ ọ́ fún un. Mo ní, "Bàbá Oyè, aago ò ṣàìsàn. Apá yín ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ẹ ò bá gbé e, ebi ni yóò máa pa á." Kò jẹ oúnjẹ mi lálẹ́ ọjọ́ náà, ó bínú sí mi gan-an, mo sì jẹ́ kó bínú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, bí ìgbà tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Mo yọjú. Bàbá rẹ fi ọwọ́ ọ̀tún gbé tòsì sókè, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Oyèníyì, ọwọ́ òsì yẹn dá gòkè. Kò ga, kò dé àyà, ṣùgbọ́n ó gòkè. Ó rí mi, ó ní kí ni mò ń wò, pé òun ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí, aago kankan ò sì ní dúró mọ́ òun lọ́wọ́. Mo sá wọ ilé ìdáná lọ jó.

Ó ṣì máa ń dúró nígbà mìíràn. Bó bá ti dúró, bàbá rẹ á bínú sí ara rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, má gba owó kankan padà. Mo mọ̀ pé nǹkan le fún ọ. Bó bá le jù, a ó ta ìbejì ewúrẹ́. Èyí tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ rẹ ni owó ọkọ̀ tí a ó máa fi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì náà, nítorí bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló ní ká lọ bẹ̀ ẹ́. Bí o bá sì bá àwọn onídùúró yẹn sọ̀rọ̀, bá mi bi wọ́n bóyá wọ́ránti wọn lè kan apá.

Àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò lè ṣe agídí nítorí rẹ. O kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ibi tí o bá nawọ́ sí, ọwọ́ rẹ yóò bà á.

Èmi ni ìyá rẹ,
Adépéjú.

Má bínú pé ìwé yìí rún tó báyìí. Bàbá rẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án, pé òun ni yóò ká a. Ọwọ́ òsì ló fi ká a.