Àwọn Tó Gbọ́ Igbe Wa Láti Òkè

Rotia, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí òtútù Auckland tí ẹ jọ ń gbé. Ọlọ́run tó ń bọ́ ẹja nínú ibú kò ní gbàgbé yín nílẹ̀ àjèjì. Ìyá rẹ ń bínú sí mi láti òwúrọ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá.

Mo gbọ́ pé wọ́n pè ọ́ níbi iṣẹ́, pé o sunkún. Má bínú. Fọ́ọ̀mù ẹ̀rọ ìképè, èyí tí à ń tẹ̀ bí ewu bá dé lójú òkun, ló béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí mo bá sọnù. Mo ní èmi ọmọ atukọ̀, kí ni yóò sọ mí nù? Uriam, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ẹja, ní àyè kankan kò gbọdọ̀ ṣófo, ni mo bá kọ orúkọ rẹ. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ni ọkọ̀, mo kọ Ọlọ́run, Uriam sì pa á rẹ́.

Èmi àti Kaierua aládùúgbò wa la lọ pẹja, ẹ́ńjìnnì kú, omi gbé wa lọ. Mo ní kò séwu, màá wo ìràwọ̀. Inú gbọ̀ngàn abúlé ni bàbá mi ti máa ń dùbúlẹ̀, á máa fi igi òrùlé kọ́ wa ní ipò ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ bá rí i, inú yín á dùn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìkùukùu fi bojú ọ̀run. Kaierua ní ó jọ pé òrùlé bàbá mi ti ń jò.

Ìgbà tí kókò sísè tán nínú agbọ̀n ni mo rí ẹ̀rọ náà nísàlẹ̀. Mo ti gbé e jù sílé, ìyá rẹ ló fi í pamọ́ síbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tún pariwo orúkọ mi sínú rẹ̀ kí wọ́n má baà ṣì mí mọ̀.

Nígbà tí a padà délé, Uriam ní sátẹ́láìtì kan wà lókè réré, lórí ìlà tó pín ayé sí méjì, tí kì í kúrò lójú kan. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ wa, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí a wà. Òmíràn ń sáré nísàlẹ̀, láti òkè ayé dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń sún mọ́ wa ni igbe wa ń tínrín, bó ti kọjá ni igbe náà ń ki, ìyẹn ló fi mọ ibi tí a wà. Mo ní kí ló dé tí ti òkè ò dìde? Ó ní kò jókòó rárá, òun àti ayé ló jọ ń yí, ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́. Mi ò bá a jiyàn, ó ti rẹ̀ ẹ́. Àgbà jókòó gbọ́, ọmọdé sáré lọ wò, ó tán. Ọjọ́ kejì tí mo tẹ ẹ̀rọ náà ni ọkọ̀ ojú omi wá gbé wa.

Láti ìgbà náà ni àbúrò mi Tebano ò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tó wọ òkun tí kò bọ̀. Oṣù kan ni bàbá wa fi dáná sétí òkun. Mo mọ̀ pé Tebano pariwo, ohùn rẹ̀ ròkè ju tèmi lọ. Kò sí ẹnì kankan lókè nígbà náà.

Jọ̀ọ́, fi owó ẹ̀rọ tuntun ránṣẹ́, eléyìí ti lo ara rẹ̀ tán. Ìyá rẹ ti hun ẹní kan fún àwọn ọ̀gá sátẹ́láìtì tó pè ọ́ yẹn. Bá wa gbé e dé ọ́fíìsì wọn. Kí o wá rọra bi wọ́n pé igbe tó ti pẹ́ tó báyìí, ṣé ó ṣì ń bẹ lókè níbì kan, ṣé ẹni tó jókòó yẹn lè gbọ́ ọ? Bí wọ́n bá ní rárá, má wulẹ̀ kọ ọ́ sí mi.

Ìlera, àlàáfíà àti ọrọ̀ kó máa bá ọ gbé.

Èmi bàbá rẹ tí òkun dá padà,
Tawita