Bíríìsì Ni Mo Kọ Sínú Ìwé

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Ṣé ara le? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti ń lọ sílẹ̀? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, pàápàá jù lọ èyí tó ń hu eyín? Mo mọ̀ pé kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí oorun sùn. Ara tèmi náà le, a dúpẹ́. Àbúrò wa wà láàyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já bí mo ṣe kọ ọ́ báyẹn. Ó wà láàyè lóòótọ́, ó ń jẹun, ó tiẹ̀ ń fẹ́ obìnrin kan níbí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kí n mú bíírò, torí ẹ̀yin lẹ fà á lé mi lọ́wọ́ nígbà tó ń bọ̀, mi ò sì lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ rántí pé sáìtì tí wọ́n ti ń kọ́ ilé alájà méjìlélógún ni mo ti ń ṣe akọ̀wé. Àpótí irin ńlá kan tí wọ́n gé fèrèsé sí lára ni wọ́n ń pè ní ọ́fíìsì wa, oòrùn sì ń yan wá nínú rẹ̀ bí ẹni ń yan àgbàdo. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe láàárọ̀ ni pé kí n wo aago kan lára ògiri tó ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe lágbára tó hàn. Tí abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ bá wà níbi àwọ̀ ewé, màá kọ "bíríìsì" sínú ìwé ojú ọjọ́, ìyẹn ni pé atẹ́gùn jẹ́jẹ́ ló ń fẹ́. Tó bá ti wọ ibi pupa, "sítọ́ọ̀mù" ló yẹ kí n kọ. Ìjì nìyẹn, kíréènì ò sì gbọdọ̀ gbé nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Kíréènì yẹn, àbúrò wa ló ń wà á láti oṣù méjì sẹ́yìn. Òkè téńté ló ń jókòó sí, ẹni tó bá ń wò ó láti ilẹ̀, díẹ̀ ló kù kí ọrùn rẹ̀ kán. Ológbò ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí bó ṣe ń gun àkàbà.

Ẹnjiníà àgbà wa, tí a máa ń pè ní Kíá-Kíá lẹ́yìn rẹ̀, ti là á mọ́lẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé òun, bíríìsì. Ó ní ẹni tó bá kọ sítọ́ọ̀mù ń dáṣẹ́ dúró ni, ẹni tó bá sì fẹ́ dáṣẹ́ dúró, kó lọ wá iṣẹ́ míì. Oṣù mẹ́rin rèé, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń kọ. Ó tiẹ̀ ti dàwàdà. Tẹ́ ẹ bá bi ẹnì kan pé báwo niṣẹ́, á ní bíríìsì ni. Ìyá tó ń gbálẹ̀ kì í kí mi ní ẹ káàárọ̀ mọ́, "Akọ̀wé, bíríìsì o!" ni. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ká páànù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa lọ, tí bíríkìlà kan sì wà lórí ìjókòó, ohun tó pariwo látinú ibẹ̀ ni pé, "Ẹ má ṣèyọnu, bíríìsì ni!" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, inú pupa ni mo bá abẹ́rẹ́ náà. Kì í ṣe etí ibẹ̀ o, inú pátápátá ni, ó ń gbọ̀n. Kíá-Kíá dúró sẹ́yìn àga mi, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Mo kọ bíríìsì. Àbúrò wa yọjú lẹ́nu ọ̀nà bó ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Kí lẹ kọ, ẹ̀gbọ́n mi?" Mo dá a lóhùn láìgbójú sókè. Ó ní ó dáa, ó sì lọ.

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, ó ti gbé ìdì irin kan sójú ọ̀run. Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbá a mú nìyẹn. Ìdì náà ń fì síbí, ó ń fì sọ́hùn-ún, àwọn tó wà nísàlẹ̀ fọ́n ká, apá kíréènì ń ké bí ilẹ̀kùn tí ò rí epo. Mo wá gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ tí a fi ń bá a sọ̀rọ̀ látorí tábìlì mi. Ohùn rẹ̀ ti kéré, bíi tìgbà tó wà lọ́mọ ọdún márùn-ún tí ààrá bá ń sán. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé bíríìsì nìyí?" Odidi ogójì ìṣẹ́jú ló lò kó tó rí irin náà sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, inú fu, ẹ̀dọ̀ fu ni mo wà. Tí aṣọ ojú fèrèsé bá mì pẹ́nrẹ́n, ara mi á ṣe gìrì.

Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bú mi, òun ló gbèjà mi. Ó ní aago ló bàjẹ́, pé ẹ̀gbọ́n òun ò lè purọ́ fún òun. Ẹ gbọ́ nǹkan o! Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo lọ bá a níbi tó ti ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ, èmi gan-an sì ni adìyẹ náà. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀. Ó ní irú aago yẹn wà nínú yàrá tí òun ń jókòó sí lókè, pé gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti wọ pupa lòun ń rí i. Mo ní kí ló wá dé tó fi ń gbé ẹrù? Ó ní tí òun bá kọ̀, á hàn pé irọ́ ni mo kọ sínú ìwé, èmi ni wọ́n á lé. Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ń kọ irọ́ kí wọ́n má bàa lé mi, òun náà ń gun irọ́ ọ̀hún lọ sókè kí wọ́n má bàa lé mi. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo bíríkìlà.

Láàárọ̀ òní, abẹ́rẹ́ tún wọ pupa. Mo kọ sítọ́ọ̀mù, gàdàgbà gadagba, àbúrò wa ò sì gòkè. Kíá-Kíá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó fa ojú ìwé náà ya, ó ní kí àwa méjèèjì má wulẹ̀ yọjú lọ́la. Ó wá ní kí oníṣẹ́ iná lọ yọ aago tó wà lókè kíréènì, pé ó ti bàjẹ́. Ìṣojú mi ni oníṣẹ́ iná gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọ̀rá. Ibẹ̀ náà ni Kíá-Kíá ti pe ọkùnrin kan lórí fóònù, pé kó wá fi kíréènì bá wọn gbé táǹkì omi sórí òrùlé láàárọ̀ ọ̀la. Rédíò sì ti sọ pé afẹ́fẹ́ ọ̀la máa ju tòní lọ.

Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, àbí? Àbúrò wa ò ní gun nǹkan kan mọ́, ohun tí mo sì ń tọrọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yẹn ṣe gbọ́ pé òun ti ríṣẹ́, mo gbọ́ ọ nínú fóònù tó ń sọ fún ẹnì kan nínú ilé, mo sì gbọ́ tí obìnrin kan hó yèè fún ayọ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kẹ́ ẹ sì fẹnu ko eléyín tuntun lẹ́nu. Ẹ má tíì sọ nǹkan kan fún ìyá wa. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la, èmi àti àbúrò wa á ti dúró lẹ́nu géètì sáìtì. A ò mọ orúkọ ọkùnrin náà, a ò mọ ojú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá gbé akoto iṣẹ́ lọ́wọ́ la máa dá dúró, ká lè sọ fún un pé sítọ́ọ̀mù ni.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ̀rù ń bà,
Akọ̀wé.