Àwo Idẹ Bàbá Mi ní Ọdún Ọ̀fìnkìn

Àtìní, 22 Súlíkídà, 1430

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé sí ilé ìwòsàn wa lónìí. Páálí ìbomú kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ bámúbámú. Dókítà Fọwọ́ (èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kò tíì mọ̀) kó àwa nọ́ọ̀sì jọ. Ọ̀fìnkìn tuntun ti gba ayé kan, Hájì sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Ó ní kí arúgbó má sún mọ́ àwọn àlejò Ọlọ́run. Kí èèyàn méjì má fi ife kan náà mu omi. Ọkàn mi sáré lọ sílé. Ọba Omi wà níbẹ̀ — bàbá mi, olómi Samsam ọmọ olómi Samsam — àwo idẹ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bu omi fún gbogbo ẹnu láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi.

Àlàrùbá, 24

Ọ́fíìsì àwọn olómi Samsam ló ń pín omi nísinsìnyí, nínú ike. Síbẹ̀, lọ́dọọdún, Bàbá á wé láwàní, wọ́n á gbé orù kan lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì àwọn ará Jáwà tó wá ṣe Hájì. Ìdílé wa ló ti ń fún àwọn yẹn lómi láti ìran dé ìran.

Mo rántí òrùlé ilé wa àtijọ́. Orù amọ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìyá mi á da oje igi mástákà olóòórùn dídùn sórí ẹyin iná, wọ́n á dojú orù dé èéfín rẹ̀. Òórùn yẹn wà nínú omi, nínú ìrọ̀rí, nínú irun wa. Àwọn ìyá Jáwà ń bá wa sùn níbẹ̀, wọ́n ń pàlọ́ tí a kò gbọ́, a sì ń rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rù ẹnu ẹnìkejì. Àárò ìgbà yẹn sọ mí gan-an lónìí.

Jímọ̀, 26

Mo sọ fún Bàbá lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n ní, "Afaf, ṣé omi tí èèyàn wọkọ̀ òfuurufú wá mu náà ló máa pa á?" Mo ní kì í ṣe omi, àwo ni; ẹnu ló ń kó o ran ẹnu. Ẹ jẹ́ ká lo ife bébà. Wọ́n ní ife bébà ni wọ́n fi ń ta tíì ní gáréèjì. "Ká ní ìyá rẹ wà láyé, o ò ní bá mi sọ irú èyí." Ó dùn mí.

Àbámẹ́ta, 27

Bàbá kò wá síbi oúnjẹ. Ìrẹsì wọn tutù sórí tábìlì.

Àtàláátà, 30

Bàbá fẹsẹ̀ ara wọn wá gbabẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé ìjà ti parí — inú mi dùn. Wọ́n wọ́ apá aṣọ sílẹ̀: "Ó tán. Mo lè gbé orù mi." Mo ní abẹ́rẹ́ kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti jáde.

Àtìní, 6 Súlíhíjà

Hòtẹ́ẹ̀lì àwọn ará Jáwà ni Dókítà Fọwọ́ rán mi sí, kí n máa fẹ̀rọ wọn ooru ara àlejò. Mo débẹ̀, Ọba Omi ti jókòó, láwàní funfun, orù lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá Sumiyati, ará Jáwà tó ti ń wá láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge, ló kọ́kọ́ mu. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀. Bàbá wúkọ́.

Mo gbé ẹ̀rọ síwájú orí wọn. Ibà. Mo fi nọ́ńbà náà hàn wọ́n. Bàbá kò jiyàn. Wọ́n dojú àwo dé ẹnu orù, wọ́n dìde. "Ẹ má bínú. Èmi ni mo ń ṣàìsàn." Ìyá Sumiyati ní kí wọ́n má banú jẹ́, òun ti mu tòun, ó sì dùn. Ọ̀rọ̀ yẹn gbọn bàbá mi ju ibà lọ.

Àtàláátà, 7

Dókítà Fọwọ́ ní kí èmi náà má jáde nílé. Bàbá ń bi mí ṣáá: ṣé ìyá yẹn ń wúkọ́? N kò mọ̀.

Àlàmísì, 9, ọjọ́ Árfà

Ìlú dá páropáro. Tẹ́lẹ̀, nígbà tí gbogbo ọkùnrin bá ti lọ sìn àwọn àlejò, àwa obìnrin la nìlú. Ìyá mi á wọ aṣọ Bàbá, wọ́n á máa jó kiri àdúgbò. Lónìí, èmi pẹ̀lú ibà Bàbá nìkan ni.

Lọ́sàn-án, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi pè láti Árfà: ara Ìyá Sumiyati le, ó ń ṣàdúà. Bàbá sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n mú òòlù wá, kí n gbé àwo idẹ kọ́ ògiri. Mo ní, Bàbá, ara yín á yá, ọdún mìíràn ń bọ̀. Bí mo ti ń kan ìṣó, wọ́n nawọ́ sí ògiri:

"Gbé e sókè sí i, ọmọ mi. Síbi tọ́wọ́ mi ò ní tó."