Ògiri Tí Mo Yìn Nígbà Ẹ̀ẹ̀rùn

Sunday, ìrọ̀lẹ́. Snellville, ní Amẹ́ríkà.

Ẹgbẹ́ football tí à ń tì lẹ́yìn borí lónìí, àmọ́ ojú tì mí díẹ̀.

Lẹ́yìn eré méjì péré ni mo ti kọ ọ́ sínú gúrúùpù àwọn ọkùnrin ìjọ wa pé pass defense wa, àwọn tó ń dí bọ́ọ̀lù tí alátakò bá jù, ti di ògiri lọ́dún yìí. Mummy, ìyá ìyàwó mi tó dé láti Ìbàdàn, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí mo ń kà á sókè. Wọ́n ní, "Baba Tolú, ṣé àwọn tí wọ́n bá ṣeré yẹn tiẹ̀ ju bọ́ọ̀lù? Wọ́n kàn ń gbé e sáré ni. Ẹ̀ẹ̀rùn lẹ fi ń yin ògiri. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Kí ni wọ́n mọ̀ nínú football Amẹ́ríkà?

Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù la pàdé lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n jù ú kọjá lórí ògiri mi, tí ẹnìkejì wọn sì hán an. Díẹ̀ báyìí la fi jù wọ́n lọ. Gúrúùpù ò jẹ́ kí n sinmi: "Bọ̀dá, ògiri dà?"

Inú bí mi, mo tẹ̀ ẹ́ pé pass defense wa ti bàjẹ́ pátápátá. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo kà á fún Mummy, tí wọ́n tún ń ṣa ẹ̀wà.

Wọn ò gbójú sókè kúrò lórí ẹ̀wà wọn. "Òjò ẹyọ kan ló ṣì rọ̀ yìí, Baba Tolú."

Mo pa á rẹ́.