Bí Omi Bá Fà

Ìyá mi, ẹ kú àárò mi. Ara mi le, mo sì ń jẹun yó.

Ẹ béèrè bóyá mo lọ́rẹ̀ẹ́ níbi iṣẹ́ mi, ní dáàmù tí wọ́n fi sé odò yìí. Wọ́n pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi bá fà, ọkọ̀ kéékèèké kì í lè gba ọ̀nà tóóró tí wọ́n là sẹ́gbẹ̀ẹ́ dáàmù. Àwọn atukọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, màá bá wọn gbé e, a ó jọ máa rẹ́rìn-ín.

Òjò ti dé báyìí. Wọ́n ń kọjá fìrì, wọ́n kàn ń juwọ́ sí mi ni. Láràárọ̀ ni mò ń lọ wo òpó tí a fi ń wọn omi, bóyá ó ti fà. Ọ̀gá mi ní mo fẹ́ràn iṣẹ́ jù.

“Olómi” ni wọ́n ń pè mí níbí dípò orúkọ mi. Bí ẹ bá ń bá mi kí Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe orúkọ mi ketekete.