Àwọn Òròmọdìyẹ Tí N Kò Fẹ́ Kí A Kà

Ọjà-Ọ̀dàn,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Títílọpẹ́ ọmọ mi, Àṣìkẹ́,

Dárí jì mí pé mo láyà láti mú bírò kọ̀wé sí ọ, ìwọ tí o ti kàwé jáde, tí o ń jókòó ní ọ́fíìsì ní Èkó, nígbà tí èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní ọdún kìn-ín-ní ní ilé-ìwé àwọn àgbà. Bí o bá rí ibi tí mo ti ṣì í kọ, fojú fò ó. Ǹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà ibẹ̀ kéré ju ìka mi lọ. Ǹ bá sì pè ọ́, àmọ́ fóònù tí o rà fún mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, gbogbo ohun tí o bá sọ nínú rẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń gbọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe fún etí rẹ̀.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun kí o tó jáde láàárọ̀? Òtútù ìlú àjèjì kò ní mú ọ, àṣá ayé kò ní rí ọ gbé. Bàbá rẹ ń kí ọ, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe tán ni òjò ti kọ̀ tí kò rọ̀ mọ́, bàbá rẹ ní òjò náà ń bínú ni.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ àwọn òròmọdìyẹ. Ẹgbẹ́ àwa obìnrin ló pín wọn fún wa, o sì mọ̀ pé n kò sin adìyẹ rí láyé mi, ewúrẹ́ ni wọ́n ń sìn nílé ìyá mi. Inú páálí ni wọ́n kó wọn sí wá. Mo ní kí n fi ara páálí náà dán ìwé kíkà mi wò, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ni mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo so wọ́n pọ̀ wọn kò dá mi lóhùn, ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí, mo ní gbogbo ohun tí mo kọ́ láti oṣù mẹ́ta ti jò dànù. Ìyá Abdulrauf tó múlé tì wá, tó máa ń ná ọjà kọjá bọ́dà, ló wò ó tó ní Faransé ni, pé kí n yé da ara mi láàmú.

Àwọn ọmọ náà kò ní ìyá. Toheebat, ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ rán láti máa kọ́ wa, ní ẹ̀rọ ló mú ẹyin wọn gbóná títí wọ́n fi jáde. Mo bi í pé ta ni yóò wá máa ràdọ̀ bò wọ́n, ó ní èmi ni.

Láti ọjọ́ náà, n kò jókòó mọ́. Bàbá rẹ kan àpótí, mo da ìyẹ̀fun pákó sí i, mo gbé ìkòkò eédú sí àárín. Toheebat ní bí wọ́n bá kó ara jọ sídìí ìkòkò, òtútù ń mú wọn, bí wọ́n bá sá lọ sí igun, ooru ti pọ̀ jù. Mo fẹ́ná sí eédú, wọ́n sá. Mo bu eérú lé e, wọ́n kó jọ. Mo ń gúnyán lọ́wọ́, mo fi ọmọ odó sílẹ̀ lọ wò wọ́n, kókó kún inú iyán, bàbá rẹ sì jẹ ẹ́ tán bẹ́ẹ̀. Ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ìdí àwọn kan, mo fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti òwú nù ún, bí mo ṣe ń ṣe fún ọ nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́. Ìyá Abdulrauf dúró lẹ́nu ọ̀nà ń wò mí, ó ní ṣé èmi ni mo yé wọn ni, ó ní kí n kúkú gbé wọn pọ̀n. Kò mọ̀ pé mo ti rò ó rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Toheebat mú fọ́ọ̀mù wá. Inú mi dùn pé èmi fúnra mi ni n ó kọ ọ́. Mo kọ orúkọ mi, mo kọ àdúgbò wa, mo wá dé ibi àlàfo kékeré kan tí wọ́n ní kí n kọ iye adìyẹ mi sí. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, Wọ́n pọ̀, a dúpẹ́. Toheebat rẹ́rìn-ín, ó ní Màmá, nọ́ńbà ni wọ́n ń béèrè. Mo ní a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Ó ní adìyẹ ni, Màmá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti kà wọ́n fúnra rẹ̀, ó ní oókan, eéjì, ni mo bá bú sórin, mo ń pàtẹ́wọ́ mọ́ ọn, nígbà tó ṣe, ó ṣìrò, ó tún bẹ̀rẹ̀, mo gbé orin mìíràn. Ó dìde, ó ní ṣé mo fẹ́ kí òun ya wèrè sídìí adìyẹ mi ni. Ó wá sọ ojú abẹ níkòó, ó ní oògùn inú omi tí kò ní jẹ́ kí àrùn ìgbà ọyẹ́ pa wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, kò pọ̀, bí adìyẹ ẹnìkọ̀ọ̀kan bá ṣe tó ni wọn ó ṣe bù fún un. Ẹni tí kò bá sọ iye tirẹ̀ kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú, wọn ó fo ilé rẹ̀. O rántí ọdún tí àrùn náà wọ àdúgbò wa, kò ku àkùkọ kan tí yóò jí wa.

Títí, n kò ya olóríkunkun. Ohun tí mo ń sá fún nìyí. Kí Toheebat tó mú fọ́ọ̀mù wá, tíṣà wa ní kí oníkálukú lọ ka nǹkan kan nílé, kí ó kọ iye rẹ̀ wá. Àwọn yòókù ka àwo, wọ́n ka iṣu. Èmi tí ẹ̀rù máa ń bà pé èmi ni mo gọ̀ jù ní kíláàsì, mo fẹ́ ṣe dáadáa, mo ka àwọn òròmọdìyẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà wọ́n kí n má baà ṣì í. Tíṣà fi bírò pupa sàmì sí i pé mo gbà á, ó ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀kan ti kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Ìwọ náà mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kan béèrè iye ọmọ tí mo bí lọ́wọ́ mi nígbà kan, mo dá a lóhùn kíá, òjò ọdún náà kò tíì dá tí Ọmọ́délé àbúrò rẹ fi lọ. Mo ya ojú ìwé náà kúrò nínú ìwé mi, mo fi dáná.

Àwọn ni wọ́n wà nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ láàárọ̀ yìí, tí o ní ta ló sá ẹ̀gúsí sínú àpótí. O tún fi orí kékeré kan tí omi ń dà lójú rẹ̀ ránṣẹ́ padà, àyà mi já, mo rò pé wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́, kí Ìyá Abdulrauf tó ní ẹ̀rín ni o ń rín. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń jẹun ni mo yà á. Jọ̀ọ́, bá mi kà wọ́n. Ìwọ kì í ṣe ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n wọn ni ọ́, bí àwọn àbúrò bá sì ti odò dé, ẹ̀gbọ́n a máa kà wọ́n, kò sẹ́ni tó rí i sí. Nọ́ńbà Toheebat wà lẹ́yìn ìwé yìí, òun ni kí o sọ ọ́ fún. Èmi, má sọ ọ́ fún mi. Awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Èkó lọ́la ni mo fi ìwé yìí rán, jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Ọjọ́bọ̀ kọjá.

Bí ó bá ṣẹ́ kù sí ọ lọ́wọ́, fi owó àpò eédú kan ránṣẹ́, kí o fún awakọ̀ náà, má fi gba ti báńkì. Nígbà tó kọjá tí wọ́n ní owó ti wọ inú fóònù mi, mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, n kò rí nǹkan kan. Ọlọ́run á fi kún ọwọ́ rẹ. Ọmọ á yí ọ ká débi tí yóò fi sú ẹni tó fẹ́ kà wọ́n, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá rẹ ló sin èyí tó kú. Ó ní òtútù ni, pé àlàfo wà lára àpótí tí òun kàn. Ó ti fi agbádá ọdún rẹ̀ dí i, ó sì ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ pé kí n má bínú sí òun. Ẹnu mi kò tíì gbà á láti sọ fún un pé mo ti kà wọ́n. Má jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, Àṣìkẹ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ìwé yìí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbídùn.